Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìwé Ilẹ̀ àti Ìwé Owó-Orí ní Káúńtì Oko ní Texas

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé sí ojú-ewé yìí lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló dá lórí ilẹ̀ oko ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Houston àti Dallas ti ń wá ilẹ̀ rà lẹ́yìn ìlú. A ti ṣa àwọn ìbéèrè tó jọra jọ. Káúńtì Grimes, tó wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Houston, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí wa ti fẹ́ ra ilẹ̀. Òfin tí a ó mẹ́nu bà kárí gbogbo káúńtì 254 tó wà ní Texas, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń ra ilẹ̀ ní Georgia tàbí ní Maryland kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn wọ̀nyí ṣe òdiwọ̀n.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín o. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Katy. A rí ilẹ̀ éékà 20 kan nítòsí Navasota ní Káúńtì Grimes. Ọkùnrin tó fẹ́ tà á fún wa tẹ ìwé kan jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì Appraisal District, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, ó sì ní ẹ̀rí tó tó nìyẹn. Nígbà tí èmi fúnra mi tẹ orúkọ títì tó fún mi sórí kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ṣé kí ẹ̀rù máa bà mí ni? — Nọ́ọ̀sì kan, Katy

Ìdáhùn: Ìyáàfin, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwé tí ọkùnrin náà fi hàn yín kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ìwé owó-orí ni. Ó lè jẹ́ pé òun ló ni ilẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò lè jẹ́rìí sí i.

Ọ́fíìsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní káúńtì kọ̀ọ̀kan ní Texas. Ọ̀kan ni Appraisal District, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti díye lé gbogbo ilẹ̀ àti ilé tó wà ní káúńtì náà, kí àwọn tó ń gba owó-orí lè mọ iye tí wọn yóò bù lé onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ilé aṣòfin Texas ṣe ní 1979 ló dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ilé-ìwé ń díye tirẹ̀, ìlú ń díye tirẹ̀, káúńtì náà ń díye tirẹ̀, ilẹ̀ kan ṣoṣo a sì máa ní iye mẹ́ta. Èkejì ni ọ́fíìsì County Clerk, ìyẹn akọ̀wé káúńtì, tó wà ní Anderson tó jẹ́ olú-ìlú Káúńtì Grimes. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí ni wọ́n ti ń forúkọ ìwé títà ilẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn deed, pẹ̀lú ìwé gbèsè tí báǹkì fi ilẹ̀ ṣe ìdúró, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n pín sí pílọ́ọ̀tì, àti ìwé ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà.

Ohun tí Appraisal District fẹ́ mọ̀ kò ju ẹni tí wọn yóò fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ sí lọ. Ara ìwé tí akọ̀wé káúńtì bá ti gbà wọlé ni wọ́n ti ń mú orúkọ onílẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Nítorí náà, ẹni tó ta ilẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì lè tẹ ìwé jáde lónìí kí orúkọ rẹ̀ hàn gedegbe lórí rẹ̀. Ìwé náà kò sì ní sọ fún yín bóyá báǹkì ṣì ní owó lórí ilẹ̀ náà, bóyá ìyàwó tí ó kọ̀ sílẹ̀ ní ìpín níbẹ̀, bóyá aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ láti la àárín rẹ̀ kọjá, tàbí bóyá epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn láti ayé bàbá àwọn tó ń tà á. Ní Texas, ojú ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan kí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tó sì ni abẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lo ojú ilẹ̀ dé ìwọ̀n tó bá yẹ kí ó lè wa ohun tó ni. Ẹni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ ìwé owó-orí yìí: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún ní ẹ̀rí pé òun ti san, síbẹ̀ ẹ̀rí yẹn kò sọ ọ́ di onílẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ tí kò jáde nígbà tí ẹ wá a, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan já yín láyà. Ilẹ̀ oko tí kò sí ilé lórí rẹ̀ kì í sábà ní nọ́ńbà ojúlé, àyè àdírẹ́sì rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ lè ṣófo pátápátá, nítorí náà ẹni tó bá fi orúkọ títì wá a yóò wá a tì. Orúkọ onílẹ̀ ni kí ẹ fi wá a. Ẹ kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ ná, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè dúró fún un nínú ìwé. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ síwájú, tàbí bóyá ilé-iṣẹ́ kékeré tó parí sí LLC ló ni ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí ET AL lẹ́yìn orúkọ, ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá sì rí ESTATE, ẹni tó ni ín ti kú, ilẹ̀ náà ṣì wà nínú ogún rẹ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí tó bá yọjú, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ohunkóhun títí lọ́yà yóò fi rí i. Bí orúkọ bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ ṣí máàpù wọn, kí ẹ tẹ orí ilẹ̀ náà gan-an, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì yọ.

Lórí ojú-ewé ilẹ̀ náà, ẹ ó rí ìlà kan tó ṣàpèjúwe rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A, nọ́ńbà kan, àti orúkọ ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ má rò pé ẹni yẹn ló ni ilẹ̀ náà báyìí. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fún ní ilẹ̀ náà ni, nígbà tí Spain tàbí Mexico ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, tàbí nígbà tí Texas jẹ́ orílẹ̀-èdè tirẹ̀ láàárín 1836 sí 1845, tàbí lẹ́yìn tí ó di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Apá ibẹ̀ yẹn wà nínú ilẹ̀ tí Mexico gbà kí Stephen F. Austin kó àwọn àtìpó wá sí láàárín àwọn ọdún 1820, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń fún ẹlẹ́bí nígbà náà tóbi gan-an: league kan jẹ́ éékà 4,428. Látara ilẹ̀ ńlá yẹn ni wọ́n ti ń gé e títí tó fi di éékà 20 tí wọ́n ń tà fún yín. Ní Austin, ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní General Land Office ṣì ní ìwé ìfúnni àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Bí ìwé ìtàn ilẹ̀ yín bá ti pẹ́, ẹ lè rí i pé vara ni wọ́n fi wọn ààlà rẹ̀, vara kan sì jẹ́ íńṣì 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta íńṣì. Ìwọ̀n náà ṣì bá òfin mu, awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ yóò sì yí i padà sí ẹsẹ̀ bàtà fún yín.

Ohun tó wúlò jù lójú-ewé yẹn ni ibi tí wọ́n to àwọn ìwé títà ilẹ̀ náà sí, pẹ̀lú déètì àti nọ́ńbà ìwé tàbí nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ojú-ewé. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ bá akọ̀wé káúńtì. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ olùtà ní ìwé atọ́ka tirẹ̀, orúkọ olùrà ní tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ọkùnrin náà láàárín àwọn olùrà, kí ẹ lè rí ọjọ́ tí ilẹ̀ náà di tirẹ̀; lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá a láàárín àwọn olùtà, láti ọjọ́ yẹn títí di òní, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí yóò ti tú bó bá jẹ́ pé ó ti tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tà á fún un, àti fún ẹni tó ṣáájú ìyẹn. Àwọn ìwé tó jẹ́ ti àìpẹ́ sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ní àwọn káúńtì kéékèèké, ìwé àtijọ́ lè wà lórí pẹpẹ nìkan, ẹ ó sì ní láti débẹ̀. Dọ́là kan ni ẹ̀dà ojú-ewé kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìwé náà bá dọ́wọ́ yín, ẹ wo àkọlé rẹ̀. Warranty deed ni ìwé tí olùtà ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé bí ẹnikẹ́ni bá yọjú láti gba ilẹ̀ náà, òun ni yóò dáhùn. Quitclaim kò ṣèlérí kankan. Ohun tó ń sọ ni pé, bí mo bá ní ẹ̀tọ́ kan níbẹ̀, mo yọwọ́ nínú rẹ̀, bí n kò bá sì ní, ẹ má bi mí. Ẹ sá fún un bí kì í bá ṣe láàárín ọmọ ìyá. Bí ẹ bá kà á pé dọ́là mẹ́wàá àti àwọn ohun mìíràn tó níye lórí ni wọ́n ta ilẹ̀ náà, kò sí jìbìtì ńbẹ̀. Òfin Texas kò fi dandan lé e pé kí iye tí wọ́n ta ilẹ̀ hàn nínú ìwé, bí àwọn agbẹjọ́rò sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọ́fíìsì tó ń gba owó-orí fún yín ní ìwé ẹ̀rí tó ń fi gbèsè owó-orí ilẹ̀ náà hàn. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbà ju dọ́là mẹ́wàá lọ lórí rẹ̀. Ara ilẹ̀ ni gbèsè owó-orí ń lẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì rà á, ó rà á pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí title company, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò tó sì ń ṣe ìbánigbófò lé e lórí, gba owó náà sọ́wọ́ títí tí gbogbo ìwé yóò fi pé. Owó kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ yín bọ́ sí ọwọ́ olùtà tààrà. Ìjọba Texas ló ń pa iye tí ìbánigbófò yìí ń gbà láṣẹ, nítorí náà ẹ kò nílò láti máa wá ibi tí yóò ti dínwó. Kí ẹ sì gba awọnlẹ̀ tiyín. Iye éékà tó wà nínú àkọsílẹ̀ owó-orí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lọ wọ̀n. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43,560 níbùú lóròó, tó lé díẹ̀ ní pílọ́ọ̀tì Èkó mẹ́fà tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí éékà kan péré bá dín, ohun tí ẹ pàdánù kì í ṣe kékeré.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ oko éékà 20 ni èmi náà fẹ́ rà. Lórí ojú-ewé Appraisal District, wọ́n kọ ọ́ pé iye rẹ̀ lọ́jà jẹ́ $300,000, síbẹ̀ owó-orí tí onílẹ̀ san lọ́dún tó kọjá kò tó $40. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbẹ̀. Àpapọ̀ owó-orí agbègbè náà jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 60 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, mo sì tún fẹ́ pín apá kan rẹ̀ tà. — Baálé ilé kan, Cypress

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí $300,000 bá jẹ́ iye tí wọ́n fi ń bu owó-orí, $4,800 ni onílẹ̀ ìbá san. Ohun tó fà á tí kò fi san tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n díye lé ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí oko, ìyẹn ni pé ohun tí ilẹ̀ náà lè mú jáde láti inú koríko, màlúù tàbí irè oko ni wọ́n wò, wọn kò wo ohun tí ọjà lè san lórí rẹ̀. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ Texas ló fàyè gba èyí, láti 1978. Ẹ wo ojú-ewé náà dáadáa, ẹ ó rí iye méjì: iye ọjà níbì kan, iye oko níbòmíràn. Bí iye oko bá jẹ́ $2,400 fún gbogbo éékà 20, owó-orí rẹ̀ jẹ́ $38.40, bí olùtà ṣe wí. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ òótọ́ náà tán.

Àǹfààní yìí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti pààrọ̀ ọwọ́, onílẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè fún un lórúkọ ara rẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù April, kí ilẹ̀ náà sì ti jẹ́ oko fún ọdún márùn-ún ó kéré tán láàárín ọdún méje tó kọjá. Bí ẹ bá ń ronú pé ẹ kò lè sin màlúù, òfin gba oyin sísìn lórí ilẹ̀ tó bá wà láàárín éékà 5 sí 20, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ọ̀nà yìí di àgbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun owó ni ìyípadà. Bí ẹ bá sọ ilẹ̀ oko di ohun mìíràn, bíi kí ẹ gé e sí pílọ́ọ̀tì fún títà kí iṣẹ́ oko sì dópin níbẹ̀, káúńtì yóò padà wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, yóò sì gba ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó-orí ọjà àti owó-orí oko lórí apá tí ẹ yí padà. Lórí àpẹẹrẹ wa, ìyàtọ̀ ọdún kan jẹ́ $4,761.60, ti ọdún mẹ́ta jẹ́ $14,284.80 bí ẹ bá yí gbogbo éékà 20 padà. Bó bá jẹ́ éékà méjì péré, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni. Ọdún márùn-ún ni wọ́n máa ń wò sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èlé. Ìyípadà òfin ní 2019 sọ ọ́ di mẹ́ta, ti 2021 sì mú èlé kúrò. Ní ti ilé tí ẹ̀yin fúnra yín yóò máa gbé, òfin kò ka gbígba ẹ̀dínwó olùgbé (ìyẹn ẹ̀dínwó owó-orí fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé) lórí rẹ̀ nìkan sí ìyípadà tó ń fa owó ẹ̀yìn yìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé yóò kúrò ní iye oko, yóò bọ́ sí iye ọjà. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò san owó ẹ̀yìn bó bá dé, nítorí pé bí ìwé náà kò bá sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí ilẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò wá.

Ẹ̀dínwó olùgbé tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti ọdún owó-orí 2025, $140,000 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé ẹni kí wọ́n tó bu ti ilé-ìwé, ti ilé-ìwé ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú gbogbo owó-orí ilẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè fún un. Ọ́fíìsì náà kì í gba owó lórí rẹ̀, ẹ má sì san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín gbà á.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sí Texas lọ́dún tó kọjá. Ó máa ń sọ fún wa lórí fóònù pé òun ra ilẹ̀ oko, kò sì sọ káúńtì tó wà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn kò rí ìwé kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ń sọ pé òun ló ti ń bá a san owó-orí ilẹ̀ náà láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dúbúlẹ̀, nítorí náà òun ni ilẹ̀ tọ́ sí. Kí ni kí ẹbí ṣe? — Àbúrò olóògbé

Ìdáhùn: Ẹ kú àfẹ́kù, bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Ilẹ̀ náà ṣeé rí, àní láti Ìbàdàn. Kò sí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó kó gbogbo Texas jọ. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ́fíìsì Comptroller, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìpínlẹ̀ náà, sì ní àtòkọ gbogbo Appraisal District lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti káúńtì tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbé, kí ẹ wá máa wá a nínú àwọn tó yí i ká. Orúkọ Yorùbá ni yóò fún yín ní wàhálà. Kò ní ní àmì ohùn, ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà lè wà ní ADESINA níbì kan, kó wà ní ADESHINA níbòmíràn. Akọ̀wé tí kò mọ èwo ni orúkọ ìdílé lè ti fi orúkọ àbísọ sípò rẹ̀. Ẹ wá gbogbo orúkọ tó jẹ́, títí kan orúkọ ìrìbọmi àti orúkọ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ojú-ewé ilẹ̀ náà, ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ sí. Bó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n yí i padà kíákíá, nítorí pé gbogbo ìkìlọ̀ tó bá wá yóò máa lọ bá a nílé.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè san owó-orí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kò sì sọ ọ́ di onílẹ̀. Òfin kan wà ní Texas tó ń wo ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tó béèrè ju owó sísan lọ: ẹni náà gbọ́dọ̀ ti forúkọ ìwé ilẹ̀ kan sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kó máa lo ilẹ̀ náà, kó sì máa san owó-orí rẹ̀ lásìkò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ olóògbé wo ìwé atọ́ka lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, láti mọ̀ bóyá ó ti fi ìwé kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ sì dá owó tó ná padà fún un.

Bàbá, apá tó kù lè má dùn mọ́ ẹbí nínú, ṣùgbọ́n mi ò ní fi bò. Òfin Texas kò mọ mọ́gàjí, kò sì mọ olórí ẹbí. Nígbà tí ìyàwó kò sí láyé mọ́, tí kò sì sí ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ló ni gbogbo rẹ̀. Àwọn òbí àti ọmọ ìyá olóògbé kì í débẹ̀ àfi bí kò bá fi ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ sáyé. Iṣẹ́ yín ni láti ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Bí ìwé ìhágún bá wà, ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ ikú ni òfin fún wọn láti gbé e lọ sí kóòtù. Bí kò bá sí, àwọn tó mọ ìdílé náà dáadáa, tí wọn kò sì ní ìpín nínú ogún, lè búra lórí ìwé tó to àwọn àrólé, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní káúńtì tí ilẹ̀ wà. Kí wọ́n gba lọ́yà fún èyí.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba òmìnira ní Texas ní 1865 ra ilẹ̀ níbi tí agbára wọn ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú láìní ìwé ìhágún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì pàdánù rẹ̀ nítorí pé orúkọ òkú ló ṣì wà nínú ìwé. Ní Grimes yìí kan náà, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní White Man's Union fi ipá gba ìbò 1900, ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú sì sá kúrò ní káúńtì náà. N kò lè ka àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ kí n má rántí wọn.

Ọjọ́ 31 oṣù January ni owó-orí ọdún tó ṣáájú ń dópin. Bó bá ti di ọjọ́ kejì rẹ̀, ìtanràn ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àti èlé ìdá kan yóò gun orí rẹ̀. Tó bá fi di oṣù July, ìtanràn náà ti di ìdá 12, wọ́n sì lè fi owó lọ́yà tó tó ìdá 20 kún un. Bí wọ́n bá gba ìdájọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń lu ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Kódà bí wọ́n bá ti tà á, ọdún méjì ni àrólé ní láti ra ilẹ̀ oko tàbí ilé tí olóògbé ń gbé padà, pẹ̀lú owó lé lórí; irú ilẹ̀ yòókù, ọjọ́ 180 ni. Bí owó tí wọ́n tà á bá sì ju gbèsè lọ, èyí tó ṣẹ́ kù wà lọ́dọ̀ kóòtù, àrólé sì lè béèrè fún un láàárín ọdún méjì.

Ìbéèrè: Wọ́n fi owó ńlá kún iye tí wọ́n dá lé ilé àti ilẹ̀ mi ní káúńtì kan ní ìlà-oòrùn Dallas. Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tí mo rà á, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti sọ pé kì í hàn nínú ìwé? Ṣé mo lè bá wọn jà á? — Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan

Ìdáhùn: Ẹ lè bá wọn jà á, owó kankan kò sì ní jáde lápò yín. Wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan gba iye tí ẹ rà á lọ́wọ́ yín. Wọ́n ń fi ìwé béèrè lọ́wọ́ àwọn olùrà, ẹni tó bá wù ú ló ń dáhùn, wọ́n sì ń ra ìròyìn ọjà níbi tí wọ́n bá ti lè rí i. Ní káúńtì oko, ilẹ̀ tó ń tà lọ́dún kò pọ̀, nítorí náà ìdíyelé wọn sábà máa ń jẹ́ àfojúdá lórí ilẹ̀ tí kò jọ tiyín.

Ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January ni wọ́n ń díye lé. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé àtakò yín títí di ọjọ́ 15 oṣù May, tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìgbà tí ìwé ìdíyelé dé, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ẹ béèrè fún ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 14 ṣáájú ìjókòó tí wọn yóò ti gbọ́ àtakò yín. Kí ẹ wá jókòó sórí àkọsílẹ̀ wọn kí ẹ wo ilé àwọn aládùúgbò: ìwọ̀n ilé, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, iye orí éékà kan. Nígbà míì, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ yàrá tí kò sí nílé yín mọ́ ọn, tàbí pé ilẹ̀ tí omi máa ń bò ni wọ́n kà sí ilẹ̀ gbígbẹ. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti tún ṣe, fọ́tò kan sì lè tó. Bí òfin bá ka ilé náà sí ibùgbé yín, iye tí wọ́n fi ń bu owó-orí kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá lọ gòkè lọ́dún kan, àyàfi bí ẹ bá kọ́ nǹkan tuntun mọ́ ọn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi ẹ̀dínwó ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i fún yín, nítorí pé ó máa ń dá owó-orí ilé-ìwé dúró sí ojú kan.

Ìbéèrè: Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ mi lè rí ibi tí ilé mi wà. Ṣé n kò lè yọ ọ́ kúrò? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Waller

Ìdáhùn: Ẹ kò lè yọ ọ́ nítorí pé kò wù yín nìkan, nítorí àkọsílẹ̀ gbogbo ìlú ni. Àwọn tí òfin fún láàyè, bí adájọ́, ọlọ́pàá àti ẹni tó sá fún ìwà ipá nínú ilé, lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Appraisal District kí wọ́n lè bo àdírẹ́sì wọn. Ẹ̀yin tí kò sí nínú wọn lè ra ilẹ̀ lórúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí trust (ètò òfin tí ẹnì kan fi ń di ohun ìní mú fún ẹlòmíràn), àmọ́ ẹ bi lọ́yà léèrè kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé tó bá wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ kò lè gba ẹ̀dínwó olùgbé, trust sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin fọwọ́ sí kó tó lè gbà á. Àwòrán inú ilé yín àti ọjọ́ orí yín, òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n yọ ọ́.